Igi tí kì í kẹ́yìn sí ẹni tí ń wò ó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí SketchUp, sọ́fútíwíà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé fi ń ya ilé lórí kọ̀ǹpútà lóde òní, kì í bá ilẹ̀ lófìfo. Níbi tí ìlà mẹ́ta, ìlà pupa, ìlà aláwọ̀ ewé àti ìlà aláwọ̀ aró, ti pàdé, ènìyàn kan ti wà ní ìdúró níbẹ̀ tí ó ń retí rẹ̀, tí kò fọhùn, tí kò sì mira. Iṣẹ́ òṣùwọ̀n ni wọ́n fi rán ẹni náà wá: bí ìlẹ̀kùn tí a yà bá kéré jù, ara rẹ̀ ni a ó fi mọ̀, bí àjà bá sì lọ sókè ju bí ó ti yẹ lọ, orí rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń ya ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ náà lẹ́nu ni pé, bí ó bá gba ọ̀tún lọ, tí ó gba òsì bọ̀, tí ó sì yí gbogbo ilé po títí ó fi dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kò ní rí ìpàkọ́ ẹni náà láéláé. Bí ìránṣẹ́ ààfin tí kò gbọdọ̀ kẹ́yìn sí Kábíyèsí, ibikíbi tí ojú wa bá gbà yọ ni ó ń kọjú sí.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni náà kò ní ẹ̀yìn rárá. Pẹlẹbẹ ni. A ya ara rẹ̀ sójú àwo kan ṣoṣo tí kò nípọn, a gé etí rẹ̀ yípo, a sì gbé e nàró. Àwọn tí ó ṣe sọ́fútíwíà yìí, ilé-iṣẹ́ @Last Software ní ìlú Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2000, kí Google tó rà á ní 2006, tí Trimble sì tún rà á lọ́wọ́ Google ní 2012, fi àpótí kékeré kan sínú rẹ̀ tí a kọ Always face camera sí. Bí a bá ti fi àmì sínú àpótí náà nígbà tí a ń sọ igi tàbí ènìyàn tí a yà di component, èyíinì ni odindi ohun kan tí a lè gbé kalẹ̀ níye ìgbà tí ó bá wù wá, iṣẹ́ tiwa ti parí: kámẹ́rà, tí í ṣe ojú tí a fi ń wo ilé náà, ni ohun ọ̀hún yóò máa yí tẹ̀ lé títí ayé àwòrán náà. Àpótí yìí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi lé lórí, nítorí oore tí ó ń ṣe fún àwọn tí ń yàwòrán ilé ní ilẹ̀ wa kò kéré, bẹ́ẹ̀ ni ohun kan sì wà tí ó ń fi pamọ́ fún wọn, tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gbin igi síwájú ilé ní ilẹ̀ tí òòrùn ti ń dúró gangan lórí atárí ènìyàn mọ̀.

Oore rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ sọ. Ká ní ayàwòrán kan fẹ́ gbin odán sí àgbàlá ilé-ìwé tí ó ń yà, tí ó sì pinnu láti ya odán náà ní tòótọ́, ewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀ka tí ó bí i. Bí ewé náà kò bá ju 5,000 lọ, tí ewé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ojú pẹlẹbẹ 2 péré, kọ̀ǹpútà ti gba ojú 10,000 sọ́rùn lórí igi kan. Bí igi bá di 100 ní àgbàlá náà, ojú 1,000,000 ni yóò máa tún yà ní gbogbo ìgbà tí a bá mira díẹ̀, àní kí ó tó kan ògiri, òrùlé àti fèrèsé tí ó gbé wa dé ìdí iṣẹ́. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí iná ìjọba ti lọ láti àárọ̀, tí bátìrì sì ń tán lọ, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò dúró, ojú kọ̀ǹpútà yóò funfun báláú, gbogbo rẹ̀ yóò sì dákẹ́. Odán pẹlẹbẹ, ní tirẹ̀, lè jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí ìlà bí ọgọ́ta yí po. Ọgbọ́n ju agbára lọ, àwọn baba wa kò sì purọ́. Nítorí pé igi náà ń yí sí wa ní gbogbo ìgbà, ojú wa kò ráyè mọ̀ pé kò ní inú.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni kí a máa tan ojú báyìí. Ní Vicenza ní ilẹ̀ Ítálì, nínú ilé eré Teatro Olimpico tí Palladio ya àwòrán rẹ̀ kí ó tó kú ní 1580, tí wọ́n sì ṣí ní 1585, ayàwòrán-ilé mìíràn, Scamozzi, fi igi kọ́ òpópónà ìlú sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, ó sì mú kí ilé máa kéré sí i, kí ilẹ̀ sì máa ga sí i bí ojú ti ń lọ síwájú, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó jókòó síbi tí ó yẹ yóò rò pé ìlú ńlá ni òun ń wò. Ṣùgbọ́n bí òṣèré kan bá rìn wọ inú òpópónà náà jù, yóò di òmìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé, àṣírí á sì tú. Ìlú Scamozzi dúró sójú kan, ẹni tí ń wò ó ni ó ní láti jókòó síbi tí ó tọ́. Kọ̀ǹpútà ni ó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà, tí ó jẹ́ kí ẹni tí ń wò ó máa rìn, kí ohun tí a ń wò sì máa yí.

Àwọn tí ó ṣe eré kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ mú ọgbọ́n yìí délé dóko. Nínú Doom, eré tí ó jáde ní 1993, pẹlẹbẹ ni gbogbo iwin tí ń lé ènìyàn kiri. Ìhà mẹ́jọ ni wọ́n ti ní àwòrán wọn, kí a lè mọ̀ bóyá iwin ń bọ̀ wá bá wa ni tàbí ó ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n àwòrán kan ṣoṣo ni fìtílà, àgbá àti òkú ní, òkú tí ó ti sùn gbalaja sílẹ̀ pàápàá sì ń kọ ìhà kan náà sí ẹni tí ó bá yí i ká. Nígbà tí ó di 1997 tí wọ́n sọ èdè VRML di ìlànà fún gbogbo ayé, èdè tí a fi ń kọ ayé onípele mẹ́ta sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ya ààyè sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ohun tí ń yí sí ẹni tí ń wò ó, wọ́n pè é ní Billboard, wọ́n sì fi lélẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan mìíràn, orí ọ̀pá tí ó nàró gangan ni kí ó ti máa yí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí ó nàró gangan yìí ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Bí kámẹ́rà bá wà ní mítà 3 sí ìlà-oòrùn igi, tí ó sì wà ní mítà 4 sí àríwá rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò fi 4 pín 3, yóò wá igun tí ó bá a mu, yóò sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 37. Dígírì 37 yẹn ni yóò yí igi náà kúrò ní àríwá sí ìhà ìlà-oòrùn. Bí kámẹ́rà bá wà nílẹ̀, bí ó bá wà ní òrùlé, kò kàn án. Gíga kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ẹlòmíràn lè bi wá pé èé ṣe tí wọn kò fi jẹ́ kí igi náà gbé ojú sókè pẹ̀lú, kí ó lè kọjú sí wa pátápátá. Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀: bí a bá gbé kámẹ́rà lọ sókè ní mítà 30, tí a kò sì jìnnà sí ìdí igi ju mítà 5 lọ, igi náà yóò ní láti tẹ̀ sẹ́yìn ní dígírì 80, ìyẹn ni pé yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ fẹ́rẹ̀fẹ́rẹ̀ sí àgbàlá ilé-ìwé, orí rẹ̀ yóò sì wọ inú kíláàsì. Igi tí ń ṣubú nígbàkígbà tí a bá gòkè kò lè ṣe òṣùwọ̀n ilé fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀pá náà yóò ti gba ara igi kọjá, ọwọ́ ayàwòrán ni ó wà, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a kò bá sọ nǹkan kan, igun ìsàlẹ̀ àwòrán náà ni sọ́fútíwíà sábà máa ń fi ìpàdé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Bí orí igi bá fẹ̀ tó mítà 6, mítà 3 ni ìdí igi wà sí igun yẹn. Nígbà tí a bá sì ń yí ilé po, ìdí igi yóò máa rin òbírípo kiri láti ojú kòtò tí a gbìn ín sí, yóò kọjá lórí ọ̀nà mọ́tò, yóò sì wọ inú ògiri yàrá ìdáná lọ. Nítorí náà, kí a tó fi ọwọ́ sí i, kí a tẹ ibi tí a kọ Set Component Axes sí, kí a fi ìpàdé ìlà sí agbedeméjì ìdí igi níbi tí ó ti kan ilẹ̀, kí ìlà aláwọ̀ aró gba inú igi lọ sókè, kí ìlà pupa gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ìlà aláwọ̀ ewé sì kọ sí ẹ̀yìn igi. Ẹni tí ó bá ṣi ìlà pupa fún ìlà aláwọ̀ ewé yóò rí i pé etí ni igi ń kọ sí òun dípò ojú, kò sì ní rí nǹkan kan ju ìlà tínńrín lọ.

Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni a fẹ́ gbé síwájú ilé, ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ọkàn sí i, nítorí pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò gbé inú ilé tí wọ́n ń yà. Ará Sweden kan, Teodor Javanaud Emdén, kó fọ́tò ènìyàn tí a ti gé jọ fún àwọn ayàwòrán-ilé, ó pè wọ́n ní Skalgubbar, wọ́n sì tàn ká ayé títí ó fi jẹ́ pé ará Sweden ni ń rìn kiri nínú àwòrán ilé tí a ó kọ́ sí ilẹ̀ tí òjò dídì kò dé rí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú oore tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìyá tí ó wọ ìró àti bùbá tí ó sì wé gèlè kò ní dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tí a ń yà fún un? Kí a bẹ ẹni náà, kí ó gbà, kí a jìnnà sí i díẹ̀, kí a gbé kámẹ́rà sí ìwọ̀n àyà rẹ̀, kí a sì yà á. Baba tí ó wọ agbádá tí ó sì kó ẹsẹ̀ jọ ni ó bá ọgbọ́n yìí mu jù, nítorí ibi tí ara rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kò fẹ̀. Ẹni tí ó ń ya ẹsẹ̀ rìn yóò dà bí ẹni tí ń yọ̀ lórí ilẹ̀ bí a ti ń yí i po. Ìyá tí ó pọn ọmọ, ẹ̀gbẹ́ ni kí a ti yà á, kí ọmọ má bàa pamọ́ sí ẹ̀yìn títí láé. Ẹni tí a bá sì yà tí ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹnu ọ̀nà, bí a bá yí sí ìhà kejì, ọwọ́ yẹn kan náà yóò máa tọ́ka sí ṣálángá; kí ọwọ́ ènìyàn inú àwòrán wà ní ara rẹ̀ ni ó dára jù.

Kí a má sì gbàgbé pé fọ́tò tí a gbé sójú àwo onígun mẹ́rin, bí a tilẹ̀ ti pa gbogbo ohun tí ó yí ènìyàn náà ká rẹ́, òjìji onígun mẹ́rin ni SketchUp yóò fún un. Àfi kí a fi ìlà tọ etí gèlè, etí èjìká àti etí ìró lọ, kí a gé ìyókù dànù, kí a sì fi ìlà náà pamọ́. Iṣẹ́ sùúrù ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ṣe é.

Òjìji ni ó wá gbé mi dé ibi tí mo ń bọ̀. Igi pẹlẹbẹ tí ń yí ni òjìji rẹ̀ ìbá máa bá a yí, tí yóò fẹ̀ bí a bá dúró níhìn-ín, tí yóò sì tínńrín bí a bá dúró lọ́hùn-ún, bí ẹni pé òòrùn ń gba àṣẹ lọ́wọ́ kámẹ́rà. Àwọn tí ó ṣe sọ́fútíwíà náà rí èyí, wọ́n sì fi àpótí kejì sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ Shadows face sun sí i: bí a bá fi àmì sí i, a ó ṣírò òjìji náà bí ẹni pé òòrùn ni igi kọjú sí, kò sì ní yí padà mọ́ bí a ti wù kí a rìn tó. Ọgbọ́n tí ó dára ni fún ẹni tí ń gbé ìlú Boulder. Ní dígírì 40 sí àríwá ilẹ̀ ayé, òòrùn wọn kì í dé atárí. Ní oṣù kẹfà tí ó ga jù, nǹkan bí dígírì 73 ni ó ń dé, ní oṣù kejìlá kò sì ju 27 lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà wo igi, igi pẹlẹbẹ sì ní ojú tí yóò fi pàdé rẹ̀.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èkó wà ní nǹkan bí dígírì 6 àbọ̀ sí àríwá, Ìbàdàn kò sì ju 7 àbọ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nígbà tí aago kan ọ̀sán bá kù díẹ̀, òòrùn ń dúró gangan lókè orí wa. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò odán pẹlẹbẹ kan tí ó ga ní mítà 8, tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 6. Bí òòrùn bá wà ní dígírì 45, òjìji rẹ̀ gùn ní mítà 8, ó sì dára lójú. Bí òòrùn bá dé dígírì 80, òjìji ti kù ní mítà kan àti díẹ̀. Bí òòrùn bá dé atárí, odán náà kò ní òjìji kankan, ìlà lásán ni ó kù sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé odán tòótọ́ tí orí rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń fi ibòji bo ilẹ̀ tí ó tó mítà 28 níbùú-lóròó, tí ìyá aláta, akẹ́kọ̀ọ́ àti arìnrìn-àjò lè jókòó sí. Nítorí kí ni àwọn baba wa fi ń gbin odán síwájú ààfin àti sáàárín ọjà? Nítorí ibòji yẹn ni, ní wákàtí yẹn gan-an. Igi tí ń yí sí kámẹ́rà pa iṣẹ́ odán tì ní ìgbà tí a nílò rẹ̀ jù.

Ohun tí ó ń tẹ̀yìn èyí jáde kò kéré. Ayàwòrán tí ó bá wo ilé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí ó rí i pé igi tí òun gbìn kò ṣíji bo fèrèsé kan, lè rò pé igi náà kò wúlò, kí ó yọ ọ́ kúrò, kí ó sì fi ẹ̀rọ amúlétutù rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò wo aago mẹ́jọ àárọ̀ nìkan, tí òjìji gùn gbọọrọ tí ó sì lẹ́wà, yóò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún onílé, onílé yóò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni àgbàlá òun yóò ti tutù láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Àbùkù kan tún wà tí ó bá èyí tan: bí a bá gbé kámẹ́rà sókè láti wo ilé náà láti òkè, gbogbo igi pẹlẹbẹ yóò di ìlà tínńrín, ọgbà tí a fi ọjọ́ gbọọrọ gbìn yóò sì di aṣálẹ̀. Kò sí bí a ti lè ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Ohun pẹlẹbẹ tí ó nàró kò ní orí. Mi ò ka àbùkù yìí sí ohun tí ó burú tán, nítorí pé ó ń lé ayàwòrán padà sílẹ̀, sí ibi tí ènìyàn ń gbé. Nígbà tí a bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ láti máa rìn nínú ilé, mítà 1.68 ni sọ́fútíwíà náà fún ojú wa, ìwọ̀n ojú ẹni tí ó dúró. Láti ibẹ̀ ni igi tí ń yí ti dára jù, láti ibẹ̀ náà sì ni onílé yóò ti máa wo ilé rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àtúnṣe kan sì wà tí ó wo àrùn méjèèjì pọ̀. Kí a gé àwo róbótó kan tí ó fẹ̀ tó orí igi, kí a ṣe etí rẹ̀ ní gbágungbàgun bí ewé, kí a fi àwọ̀ ewé kùn ún, kí a sì tẹ́ ẹ ní ìbú sáàárín orí igi náà, ní nǹkan bí mítà 6 sí ilẹ̀, kí a tó sọ gbogbo rẹ̀ di component. Ẹni tí ó dúró nílẹ̀ tí ó jìnnà díẹ̀ kò ní rí i ju abẹ́ ewé lọ; ẹni tí ó wà lókè yóò rí igi róbótó; òòrùn atárí yóò sì bá nǹkan pàdé, ibòji odán yóò padà sílẹ̀. Kí a ṣọ́ra kí àwọ̀ tí a kùn ún má ṣe jẹ́ èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá jù, nítorí ohun tí dídí rẹ̀ kò bá tó ìdá 70 nínú 100, SketchUp kì í fún un ní òjìji. Ọ̀pẹ àti àgbọn tí ìdí wọn tínńrín, àti àwọn igi tí ó jìnnà sí ẹ̀yìn ògiri, kò nílò wàhálà yìí. Àwọn odán àti mángòrò tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé àti lójú àgbàlá ni kí a ṣe é fún.

Kí a tó ṣe gbogbo èyí, kí a rí i dájú pé òòrùn ibẹ̀ jẹ́ òòrùn wa. Ilé tí a kò bá sọ ìlú rẹ̀ fún SketchUp, ìlú Boulder ni ó gbà pé ó wà, odán tí a gbìn sí Ìbàdàn yóò sì máa gba òòrùn Colorado. Kí a sọ ìlú náà fún un, kí a yan aago ilẹ̀ Nàìjíríà, kí a gbé ọjọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, kí a sì wo àgbàlá náà ní aago mẹ́jọ, ní aago kan ku díẹ̀, àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí a sì fi àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí iwájú onílé pa pọ̀.